"Iya Oko" Láìsí Àmì

Fáàfù ni mo lọ gbà lọ́jọ́ tí ogun dé. Fáàfù kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, tí a fẹ́ fi sí ẹ̀rọ tó ń mú omi ìwẹ̀ gbóná nínú ọkọ̀ wa. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Mo dúró síwájú kàǹtà ilé ìkẹ́rùsí, obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń wá a nínú páálí, ó ń kùn pé èmi ni mo máa ń da òun láàmú kí òun tó mu tíì àárọ̀. Gíláàsì fèrèsé ló kọ́kọ́ gbọ̀n. Lẹ́yìn náà la wá gbọ́ ariwo. Ó dà bí ìgbà tí tírélà bá da irin sílẹ̀, àmọ́ tí irin náà kò tán. Obìnrin náà wò mí, èmi náà wò ó. Ó gbé fáàfù lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé. Mo fọwọ́ sí i. Bọ́ǹbù ń já lu ìlú, èmi ń bi í pé bírò dà.

Débọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ìjẹ̀bú ni mo ti wá. Nígbà yẹn mo ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní Ukraine, ní ìlú èbúté kan tí mi ò ní dárúkọ nítorí àwọn tó ṣì kù síbẹ̀. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi, mo ṣe tán, wọ́n gbà mí síṣẹ́. Ìyàwó mi, Fúnmi, ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn. Ọmọ wa, Ìrètí, ti pé ọdún méjì. Hamburg ni mo wà báyìí, ní Wilhelmsburg, èmi àti Ìrètí àti ìyá mi. Ìrètí ni mò ń kọ èyí fún, àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa tí wọ́n ń wo ogun lórí fóònù, tí wọ́n á fi ìka tì í sókè kí wọ́n lè wo ẹni tó ń jó. Ẹ má bínú sí mi. Ogun tí èèyàn lè fi ìka tì lọ kì í ṣe ogun.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́ ni pé Schule, ilé ìwé wọn, kó Ìrètí àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo ọkọ̀ abẹ́ omi àtijọ́ kan tí wọ́n so mọ́ èbúté níbí fún ìran wíwò. Nígbà tó dé ilé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi bi mí pé, "Papa, wo ist die Mama vom U-Boot?" Ó ń bi mí pé ìyá ọkọ̀ abẹ́ omi náà dà. Èmi ni mo fà á. Èmi ni mo ti sọ fún un pé gbogbo ọkọ̀ abẹ́ omi ló máa ń ní ìyá.

Irọ́ kọ́ ni mo pa fún un. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ mọ̀ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Inú ọkọ̀ abẹ́ omi há. Ẹ̀rọ àti bátìrì àti ohun ìjà ló gba gbogbo àyè rẹ̀. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í rí omi wẹ̀, wọn kì í rí búrẹ́dì tútù jẹ, tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti máa tún un ṣe. Nítorí náà, kò pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ abẹ́ omi ni wọ́n ti ń wá ọkọ̀ ńlá tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ ẹrù tó ti gbó ni wọ́n ń fi ṣe é. Nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan èyí tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìyẹn nìkan ni yóò máa ṣe. Yóò lọ dúró síbi tó jìnnà sílé, àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi yóò wá sún mọ́ ọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì, yóò fún wọn ní epo, omi, iná, búrẹ́dì, oògùn, lẹ́tà láti ilé, àtàwọn bọ́ǹbù gígùn tí wọ́n ń yìn lábẹ́ omi. Dókítà wà nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń rọ irin wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì gidi wà nínú rẹ̀. Germany ní in, England ní in, America ní in, Russia ní in. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú wá pọ̀ lójú ogun, ìyá yìí làwọn ọ̀tá kọ́kọ́ ń wá kiri. Ó tóbi, kò yára, kò sì lè rì sábẹ́ omi sá pamọ́ bí àwọn ọmọ rẹ̀. Lónìí wọn ò pọ̀ mọ́. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi tuntun ń pẹ́ kí wọ́n tó nílò nǹkan, àwọn èbúté sì ti ní gbogbo ohun tí wọ́n ń fẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìyá ni wọ́n tà fún àwọn tó ń gé irin.

Tiwa ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ wọn ò gé e. Wọ́n so ó mọ́ èbúté, wọ́n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù, a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ ẹ̀rọ nínú rẹ̀. Ọ̀gá mi níbẹ̀ ń jẹ́ Mykola, ọkùnrin tó ti wà nínú ọkọ̀ náà láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn. Èmi sọ ọ́ di Bàbá Kọ́lá. Ó ní kí n sọ ohun tí Kọ́lá túmọ̀ sí, mo ní ó jẹ mọ́ ọlà. Ó ní kí n wo bàtà òun kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Òun ló sọ fún mi pé nígbà tí àwọn èèyàn ọkọ̀ abẹ́ omi bá gòkè wá sọ́dọ̀ wọn, ara wọn á ti funfun bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bó, wọn á máa rùn fún epo, wọn ò sì ní béèrè oúnjẹ. Omi gbígbóná ni wọ́n ń béèrè. Ìdí nìyẹn tí kò fi fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi ìwẹ̀ ṣeré rárá.

Àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú ọkọ̀ náà ní plavbaza. Èmi sọ ọ́ ní Ìyá Ọkọ̀, Fúnmi sì gbà á lẹ́nu mi. Láàárọ̀ tí mo bá ń jáde, á ní, "Ó dọ̀dọ̀ Ìyá Ọkọ̀ nìyẹn?" Mo máa ní, "Ọ̀dọ̀ wọn náà ni." Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni pé èèyàn ni.

Màámi, ìyá tó bí mi, ti wá láti Nàìjíríà láti bá wa gbé fún oṣù díẹ̀. Òun àti Fúnmi ò jọ pẹ́ nínú ilé kan náà kí ìjà tó dé. Màámi fẹ́ mú Ìrètí lọ sílé kó lọ tọ́ ọ dàgbà ní Ìjẹ̀bú títí tí Fúnmi á fi parí ìwé rẹ̀. Fúnmi ní òun ò bímọ fún ẹnì kankan gbé lọ. Màámi ní ta ni ẹnì kankan yẹn. Bó ṣe kó ẹrù rẹ̀ nìyẹn, ó lọ sọ́dọ̀ arábìnrin ìjọ kan ní òdìkejì odò, ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó padà sí Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, tí mo bá fẹ́ fi Fúnmi ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò ní pe Màámi ní Màámi. Mo máa ní, "Ìyá ọkọ rẹ ń kí ẹ o." Á ju nǹkan lù mí.

Nígbà tí mo jáde nílé ìkẹ́rùsí láàárọ̀ yẹn, mo fa fóònù yọ. Ohun tí mo tẹ̀ ránṣẹ́ sí Fúnmi nìyí:

Ogun ti de. Tete lo sodo iya oko. Mu Ireti dani. Ibe la ti maa pade.

Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ta ló ń fi àmì sórí Yorùbá tó bá ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù? Inú ọkọ̀ ni mo ní kó lọ. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni láti ilé wa. Irin ara rẹ̀ nípọn, ó ní iná tirẹ̀, ó ní omi, ó ní oúnjẹ. Màámi ò sí lọ́kàn mi rárá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Bọ́ǹbù ń já, ìyá mi wà ní òdìkejì odò láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè wọn, orúkọ rẹ̀ ò sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá ti rí ohun tí mo ṣe. Ẹni tó bá ka "iya oko" bẹ́ẹ̀ yẹn, ó lè kà á sí ìyá ọkọ̀, ó lè kà á sí ìyá ọkọ. Láti ìgbà náà, mi ò kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láìfi àmì sí i. Àwọn ará ìjọ ń pè mí ní Tíṣà Àmì. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mo sáré dé inú ọkọ̀. Bàbá Kọ́lá dúró lórí àtẹ̀gùn tó so ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀.

"Ìyàwó rẹ dà?"

"Ó ń bọ̀."

"Fáàfù dà?"

Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀rọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í dè é. Ohun tí mo ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ ogun nìyẹn. Mo ní ṣé kì í ṣe pé orí bàbá yìí ti dàrú báyìí. Ó ní àwọn èèyàn máa tó dé, ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, omi gbígbóná ló ń kọ́kọ́ fi í lọ́kàn balẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Wọ́n dé. Àwọn obìnrin tó wọ bàtà inú ilé, akẹ́kọ̀ọ́, arúgbó méjì tó gbé ológbò sínú báàgì, àwọn ṣọ́jà mẹ́ta tí méjì gbé ẹnì kẹta. Bí ẹsẹ̀ bá ti dún lórí àtẹ̀gùn, mo máa yọjú. Kì í ṣe Fúnmi. Mo pè é títí, nẹ́tíwọ́kì ti lọ. Mo tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún un ní yàrá ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ń kó bọ́ǹbù sí láyé àtijọ́, torí ibẹ̀ ni irin rẹ̀ nípọn jù. Mo tẹ́ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún Ìrètí.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n yìnbọn lu kíréènì tó wà létí omi. Ó wó lu àwọn tó ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ wa. A jáde lọ fà wọ́n. Ọkùnrin kan tó ń ta kọfí lẹ́nu ọ̀nà èbúté wà níbẹ̀, mo máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Apá rẹ̀ kan ti já kúrò. Apá náà wà nílẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan sí i, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ tó já náà. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n bá òun mú fóònù òun. Mo yọ ọ́ lára àwọn ìka yẹn, mo fi lé e lọ́wọ́ tó kù. Ó dúpẹ́. Ó kú kí a tó gbé e dé àtẹ̀gùn. Obìnrin kan wà lábẹ́ irin tí a ò lè gbé. Ó kọ́kọ́ ń pariwo, nígbà tó yá ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, nígbà tó yá kò sọ̀rọ̀ mọ́. A fi í síbẹ̀.

Mo sọ fún Bàbá Kọ́lá pé mò ń lọ wo ilé. Ó ní, "Lọ, kí o sì padà wá." Mo gba ẹ̀yìn ògiri èbúté. Ilẹ̀kùn wa wà ní títì. Obìnrin tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa wà nínú yàrá abẹ́ ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo bi í léèrè Fúnmi.

"Ó ti jáde tipẹ́," ó ní. "Ó pọn ọmọ. Mo ní kó wá sábẹ́ ilẹ̀ níbí, ó ní rárá."

"Ó gba ọ̀nà èbúté lọ?"

"Rárá. Apá ibi afárá ló lọ."

Afárá, ọ̀nà ilé tí Màámi wà nìyẹn. Mo fa fóònù yọ, mo tún ohun tí mo kọ kà. Iya oko. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Obìnrin náà rò pé wọ́n ti yìnbọn lù mí, ó ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri lára mi.

Mo sáré lọ sí ibi afárá. Àwọn ṣọ́jà ti dí i, ìbọn ń dún láti òdìkejì, mọ́tò kan ń jó láàárín rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀. Mo ní ìyàwó mi wà ní òdìkejì. Ṣọ́jà kan ní ìyàwó tòun náà wà níbẹ̀. Mo fẹ́ já kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìdí ìbọn gbá mi lẹ́nu, eyín méjì jáde. Mi ò bínú sí i dòní. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo gbìyànjú ni bọ́ǹbù bọ́ sáàárín àwa tó dúró síbẹ̀, nígbà tí mo dìde ṣọ́jà náà ti kú. Orí rẹ̀ ò sí lára rẹ̀. Mo sá padà sínú ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní ojo lè pè mí bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n yìnbọn lu Ìyá Ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá Kọ́lá ti kìlọ̀ fún mi. Ó ní kò sí ogun tí wọ́n ti rí irú ọkọ̀ yìí tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹni tó ń yìn ín kò ní béèrè bóyá àwọn ọmọ ló wà nínú rẹ̀ tàbí ohun ìjà. Bọ́ǹbù náà wọ apá iwájú, ó bẹ́ nínú yàrá ẹ̀rọ. Páìpù omi gbígbóná tí a jọ dè láàárọ̀ ló bẹ́ lu bàbá náà. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti orí òkè. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, awọ ara rẹ̀ ń bá aṣọ lọ bí mo ṣe ń fà á. Ó ń pe ìyá rẹ̀. Arúgbó bẹ́ẹ̀, tó ti ní ọmọ-ọmọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú níbi tó ṣì ṣeé dì mú títí ó fi dákẹ́. Èèyàn mọ́kànlá ló kú nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀, níbi tí mo tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sí, kò sí ẹni tó fara pa nínú wọn. Ológbò pàápàá ò fara pa.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìbọn dákẹ́ díẹ̀. Mo ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn nígbà tí mo rí obìnrin kan tó ń bọ̀ láàárín pápá èbúté, ó ń rìn bí ẹni tó ń lọ sọ́jà, kò yára, kò wo ẹ̀gbẹ́. Màámi ni. Ìrètí wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìró tó fi pọ̀n ọ́n ti gan fún ẹ̀jẹ̀. Mo sáré bá wọn, mo yẹ ọmọ náà wò, mo yẹ Màámi wò. Ẹ̀jẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn.

"Màámi, Fúnmi dà?"

"Ó wà ní bọ́sítọ́ọ̀pù."

"Ṣé ó fara pa?"

"Débọ̀, ó wà ní bọ́sítọ́ọ̀pù."

Fúnmi dé ọ̀dọ̀ wọn ní tòótọ́. Ó la afárá kọjá kí wọ́n tó dí i. Bó ṣe wọlé, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ." Wọn ò tíì dé ìpẹ̀kun àdúgbò tí ilé náà fi wó lẹ́yìn wọn. Arábìnrin tó gba Màámi sílé wà nínú rẹ̀, wọn ò rí i hú. Wọ́n sá pamọ́ sábẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan di ọjọ́ kejì, wọ́n wá la afárá padà nígbà tí nǹkan rọlẹ̀. Fúnmi ní kí wọ́n máa bọ̀ nínú ọkọ̀. Bọ́sítọ́ọ̀pù tó kángun sí ẹnu ọ̀nà èbúté ni wọ́n dé tí bọ́ǹbù fi bọ́. Fúnmi ti Màámi àti ọmọ ṣubú, ó dùbúlẹ̀ lé wọn lórí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbà á. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́, kò sí nǹkan kan tó ṣe ojú rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò ní sọ ìyẹn fún yín. Mo fi ṣọ́bìrì inú ọkọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ sínú koríko tó wà lẹ́yìn bọ́sítọ́ọ̀pù náà. Ilẹ̀ le nítorí òtútù, ó gbà mí títí di ọ̀sán. Mo sunkún débi tí mi ò rí ibi tí mò ń gbẹ́ mọ́, Màámi ló gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi tó parí rẹ̀.

Búrẹ́dì ọkọ̀ tí mo kó sínú àpò la jẹ fún ọjọ́ mẹ́rin tí a fi sá kúrò ní Ukraine, a ń rẹ ẹ́ sínú omi fún Ìrètí. A dúró nínú reluwé dé ẹnu ibodè, èèyàn ò ráyè ṣubú. Berlin la kọ́kọ́ sọ̀ sí. Ní Moabit, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, nígbà tó kàn wá nínú ìlà, òṣìṣẹ́ náà bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo ní inú Mutterschiff ni, orúkọ tí wọ́n ń pe ìyá ọkọ̀ níbí. Ó gbójú sókè, ó ní ṣé ọkọ̀ ogun ni. Mo ní ó ti fẹ̀yìn tì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ní ìyàwó. Màámi ló dá a lóhùn ní Yorùbá, ọkùnrin náà kò gbọ́ èdè náà, àmọ́ kò tún béèrè. Láti ibẹ̀ arákùnrin ìjọ kan ní Lurup, ní Hamburg níbí, gbà wá sílé, kí a tó rí ibi tí à ń gbé báyìí. Mò ń tún ẹ̀rọ ṣe ní èbúté. Ìrètí ò sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Inú Kita, ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, ló ti sọ ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ, German ni, ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Lọ́dọọdún, tí ìjọ wa bá ń ṣe ìdúpẹ́, Màámi máa ń jáde síwájú nínú aṣọ funfun rẹ̀. Á ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lórí ọmọ mi. Nígbà tí bọ́ǹbù ń já, ìyá rẹ̀ ló rántí. Ó ní kí ìyàwó òun wá mú mi." Gbogbo ìjọ á kígbe halelúyà, àwọn ìyá á máa wò mí pẹ̀lú omijé lójú, wọ́n á sọ fún àwọn ọmọ wọn pé kí wọ́n wo irú ọmọ tí wọ́n ń wí. Mo máa wolẹ̀. Mi ò rántí ìyá mi. Ká ní mo fi àmì kan péré sí i, Fúnmi ì bá wà láàyè, Màámi ì bá wà lábẹ́ ilé yẹn. Mi ò mọ èyí tí mo máa ní kí Ọlọ́run dá padà fún mi. Nínú oògùn tí mò ń lò kí n lè sùn, kò sí èyí tó wo ìyẹn sàn.

Ọjọ́ tí Ìrètí béèrè ìyá ọkọ̀ abẹ́ omi lọ́wọ́ mi, a wà ní kíṣìnnì, Màámi ń ṣa ẹ̀wà. Mo dá ọmọ náà lóhùn, mo ní ìyá náà wà ní ìlú tí a ti wá, bọ́ǹbù ti bà á jẹ́. Ó ní "Okay," ó wọ yàrá lọ. Mo rí i pé Màámi ò ṣa ẹ̀wà mọ́. Mo wá rí i pé bí mi ò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ọmọ yìí á dàgbà sínú irọ́ tí wọ́n ń jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Màámi," mo ní, "ẹ̀yin kọ́ ni mo ní kí ó wá mú."

 Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe kọ ọ́, ohun tí mo ní lọ́kàn, pé mi ò rántí rẹ̀ rárá. Mo ṣí ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, mo nà án sí i. Kò gbà á.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Ẹ mọ̀ báwo?"

"Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí nẹ́tíwọ́kì tó lọ. Ó ní, 'Màámi, ohun tí Dádì Ìrètí kọ sí mi kò yé mi, mo sì ń pè wọ́n, kò wọlé. Ṣé ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ní kí n wá, àbí inú ọkọ̀ wọn?'"

Ó fi ọwọ́ rọ́ ẹ̀wà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ni. Kí lo fẹ́ rán ọmọ ọlọ́mọ àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ la afárá wá ṣe? Mo mọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí, Débọ̀. Ilé ń mì, mi ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ. Mo ní, 'Èmi ni. Tètè wá mú mi.'"

"Kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Ó dáa, Màámi. Ẹ wọ bàtà dè mí.'"

 Mo béèrè pé ìjẹ́rìí tó ń ṣe lọ́dọọdún ńkọ́. Ó ní, "Mò ń yìn ọ́ kí o má baà bi mí." Inú bí mi. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú bí mi débi pé mo di etí tábìlì mú kí n má baà ṣe nǹkan tí mi ò ní lè tún ṣe. Ọdún mélòó ni mo fi ru ẹ̀bi yìí nìkan, tí ó jókòó tì mí, tó ń wò mí. Mo fẹ́ kó padà sí Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Òun náà mọ̀. Ó ní, "Tí o bá ní kí n lọ, mo máa lọ."   A jókòó bẹ́ẹ̀ títí omi tí mo gbé kaná fi hó tán nínú ìkòkò, mi ò lè dìde pa iná.

Ìrètí ké láti inú yàrá. Ó fẹ́ kí wọ́n wá bá òun tú irun. "Oma, kommst du?" Ó ń bi ìyá àgbà rẹ̀ pé ṣé ó ń bọ̀.

Màámi ò dìde. Ó ń wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ẹ̀wà. Ọmọ náà tún ké, "Oma?"

"Ẹ lọ dá a lóhùn," mo ní. "Ẹ̀yin ló ń pè."